Fíìmù Màmá Onílé ní Ìdíkọ̀ Ìfọ̀

Ìgbà mẹ́ta ni màmá onílé wa sọ ìtàn kan náà fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin inú ìtàn náà sì yàtọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, funfun ni. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ti di búlúù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mo ń bá a ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní káàkì ni, káàkì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi bíi páálí.

Mo fẹ́ rán an létí pé funfun ló kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo padà sídìí ẹ̀wà mi. Kò parọ́. Ó ń rí ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ọwọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Mowé ni mo ti gba yàrá kan. Àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni, tí àwọn ará Èkó ń ya bo Mowé àti Ìbàfò láti wá ra ilẹ̀, tí lọ́rì tó kó búlọ́ọ̀kù kì í jẹ́ kí eruku sinmi. Màmá ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní Òkè-Àró pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù nínú gbogbo àwa ayálégbé, torí pé èmi nìkan ni mi ò tíì lọ́kọ, mo sì máa ń ráyè jókòó.

Ìgbàgbé náà kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wẹ̀, ó múra, ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó sì jáde lọ sí iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá. Ọlọ́kadà kan tó mọ̀ ọ́n ló bá a ní oríta, tó gbé e padà wálé. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá wò mí, ó ní, "Wọ́n ti gba ìsinmi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ṣùgbọ́n ìtàn ọkùnrin rélùwéè kò kúrò lórí rẹ̀. Bí àwọn nǹkan yòókù ṣe ń ṣá, ni ìyẹn ń hàn kedere sí i.

Ìtàn náà kò gùn. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ní Ìfọ̀ tí wọ́n bí i sí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ìdíkọ̀ rélùwéè tó máa ń gbé àsíá sókè fún ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn fún ọdún méjì, ará ilé kò gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ máa ṣiṣẹ́ lókè Ọya. Ó ní kí àwọn jọ lọ. Ó ní kó wá bá òun ní ìdíkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí òun máa wọkọ̀. Bí òun kò bá rí i, òun á mọ̀ pé ó ti kọ̀ nìyẹn.

"Mo lọ," ni Màmá máa ń wí. "Mo di ẹrù mi, mo lọ. Ìgbà tí mo dé ìbẹ̀un, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn àpò obì tí wọ́n tò jọ. Mo ń wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọkọ̀ fọn fèrè. Ó wọlé, ọkọ̀ gbéra. Kò mọ̀ pé mo wá, ọmọ yìí. Títí dòní, kò mọ̀ pé mo wá."

'Ìbẹ̀un' ló máa ń pe ibẹ̀ yẹn, bí àwọn àgbà ìlú rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. A kì í gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwa tí a ti Èkó wá.

Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó yára dáhùn. "Bàbá ọmọ mi, èèyàn dáadáa ni. A gbé ilé ayé pọ̀, ó tọ́jú mi. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbámọ̀. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo wá ni." Ó fọwọ́ pa eékún rẹ̀. "Mo mọ bó ṣe ń rìn. Mo mọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mi ò rí mọ́."

Gbólóhùn yẹn ló mú mi débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo ní mo fẹ́ ya fíìmù.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa to àwòrán ìgbéyàwó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Ìbàfò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Ọ̀gá mi, ọmọ Ọ̀ṣun, ló ń gbé kámẹ́rà. Èmi ló ń gé, èmi ló ń so. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú. Ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ kò ju kí òdòdó máa fò kọjá lójú ìyàwó, kí orúkọ àwọn òbí máa yí po bí ààjà. Ọwọ́ mi ti yá sí i débi pé mo lè ṣe é kí n máa jẹ búrẹ́dì.

Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù náà?"

"Ìyá kan jókòó ní ìdíkọ̀ rélùwéè, sà. Ó ń rántí."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á tún rántí rẹ̀ lọ́nà mìíràn."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Àjẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí àjẹ́."

"Orogún?"

"Kò sí orogún."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Fíìmù tí kò sí òkú, tí kò sí àjẹ́, tí kò sí orogún, kí ló wá kù níbẹ̀?"

Mo kàn sọ ìtàn náà fún un, bí Màmá ṣe ń sọ ọ́, títí kan àwọn àpò obì. Nígbà tí mo parí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mu tíì rẹ̀ tán. Ó ní kámẹ́rà kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kí orí mi lè balẹ̀.

Ìṣẹ́gun kan yẹn di Ìṣẹ́gun mẹ́sàn-án.

A kọ́kọ́ pe obìnrin òṣèré kan tó ń ṣe eré orí ìtàgé, pé kó wá ṣe ìyá náà. Mo mú Màmá dání kó lè fi ibi tí nǹkan wà hàn wá. Ọ̀gá ìdíkọ̀ Ìfọ̀, bàbá onísùúrù kan, ti gbà wá láyè, ó tilẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì jáde fún wa. Bí kámẹ́rà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, òṣèré náà káwọ́ lérí, ó figbe bọnu, ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Màmá, tó jókòó lábẹ́ igi, fara sún mọ́ mi.

"Ta ló kú fún un?"

"Ẹ̀yin ló ń ṣe, mà."

"Èmi kẹ̀?" Ó wo obìnrin náà dáadáa. "N ò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu mi ló gbẹ. Mo fẹ́ mu omi."

Kò sí ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́ mi nípa fíìmù tó tó gbólóhùn yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣèré náà, mo sì bi Màmá bóyá òun fúnra rẹ̀ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wa. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ṣé òun máa wà nínú tẹlifíṣọ̀n ni? Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a tó gbéra ní Mowé, mo máa ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, màá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, màá sì bi í bó bá fẹ́ lọ, torí mo mọ̀ pé ó lè ti gbàgbé pé òun ti gbà. Gbogbo ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló bi mí bóyá òun máa wà nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀nà Ìfọ̀ jìnnà sí wa, kò sì dán. Mọ́tò ọ̀gá mi a máa gbóná, a óò dúró kó tutù, Màmá á máa kọ orin àwọn ọmọ iléèwé fún wa. Tí a bá dé ìdíkọ̀, kì í ṣe nǹkan púpọ̀. Ó ń jókòó. Ó ń wo ojú irin tí koríko ti bò lápá kan. Ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá mi, tó mọ́ lára láti máa sáré tẹ̀lé ìyàwó kiri gbọ̀ngán, kọ́kọ́ ń kanra. Ó ní ọwọ́ òun ń yún òun, kò sí nǹkan tó ń mira. Ní Ìṣẹ́gun kẹrin, mo rí i pé kò ráhùn mọ́. Ó gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó tì í, òun pẹ̀lú ń wo ojú irin.

Ìtàn náà a máa yí padà lẹ́nu Màmá níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ mìíràn, oòrùn ló ń ràn. Ìgbà kan wà tó sọ pé òun wọnú ọkọ̀, pé òun bá a dé Abẹ́òkúta kí òun tó padà. Ọ̀gá mi bi mí èwo nínú rẹ̀ ni òótọ́. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni a máa yà. Tí òjò bá rọ̀, a óò ya ti òjò. Tí oòrùn bá ràn, a óò ya ti oòrùn. A ò ní sọ fún ẹni tó ń wò ó pé èyí ni kó gbàgbọ́.

Ó ku ọkùnrin náà. Níwọ̀n bí Màmá kò ti rántí ojú rẹ̀, mo pinnu pé ẹni tó bá ń wo fíìmù náà kò gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Ọ̀gá mi ga, ó sì tínrín, Màmá sì ti sọ nígbà kan pé ẹ̀yìn ọrùn ọ̀gá mi dára. A rán ṣẹ́ẹ̀tì káàkì fún un kó lè ṣe ọkùnrin náà. Ó gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́. Èmi tí mi ò gbé kámẹ́rà rí àfi tí wọ́n bá fẹ́ kí n bá wọn dì í mú.

A to àpò jọ. Obì kọ́ ló wà nínú wọn, èèpo ìrẹsì ni. Ohun tí a ṣàdéhùn ni pé kí Màmá dúró sẹ́yìn àpò, kó máa wò ó, kí ọ̀gá mi wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó sì rìn lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ojú mi mọ́ kámẹ́rà.

Ọ̀gá mi wo ọ̀tún. Ó wo òsì.

Màmá jáde lẹ́yìn àpò.

Mo fẹ́ pariwo pé kó padà. Mi ò mọ ohun tó dá mi dúró. Ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìró rẹ̀ mú, bàtà rẹ̀ ń ró lórí kọnkéré. Ó dé ẹ̀yìn ọ̀gá mi. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan èjìká rẹ̀, bí èèyàn ṣe máa ń fọwọ́ kan aṣọ tó sá bóyá ó ti gbẹ.

"Mo wà níbí o," ló wí. "Mo wà níbí láti àárọ̀."

Ọ̀gá mi kò yíjú padà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè yíjú, pé tí òun bá yíjú, Màmá á rí i pé òun kọ́ ni. Ó kàn rọra tẹ orí ba, ó ní, "Mo ti gbọ́." Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Ọkùnrin tó ti ya ìsìnkú tí kò níye, tí kì í sunkún.

Màmá dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n fún òun lómi.

Oṣù méjì ni mo fi tò ó pọ̀, tí mo bá ti parí iṣẹ́ ìgbéyàwó. Mi ò fi òdòdó kankan sí i. Mo jẹ́ kí Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún bíi ìṣẹ́jú méjì gbáko kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A gbé síìdì rẹ̀ lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta fíìmù ní Èkó. Ó fi sínú ẹ̀rọ, ó wò ó, ó wò ó, ó wá na ọwọ́, ó gbá ẹ̀rọ náà lórí.

"Síìdì yín ti há."

"Kò há, sà," ni mo wí. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní kí a lọ fi ìjà sí i, kí a padà wá. A gbé síìdì wa padà sí Ìbàfò.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Màmá ti Òkè-Àró dé. Ẹnìkan ló ti ta á lólobó. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tó yọ sí mi. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Òótọ́ ni pé o gbé ìyá mi lọ sí Ìfọ̀ lọ ya fíìmù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ẹ má bínú. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín."

"Ìyá mi tí kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́! O fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún gbogbo ayé. O sì fẹ́ sọ fún wọn pé ó ní ẹlòmíràn lọ́kàn kó tó fẹ́ bàbá mi. Bàbá mi ńkọ́? Ṣé bàbá mi kì í ṣe èèyàn ni?"

Ẹ̀bi mi ni, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu Màmá ní ìgbà mẹ́sàn-án, mi ò gba ti ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún un pé tí ó bá ní kí a sun ún, a óò sun ún. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ fún, kó wò ó kó tó pinnu.

Ó tẹ̀lé mi lọ sí Ìbàfò lọ́sàn-án ọjọ́ náà pẹ̀lú ojú líle. Ọ̀gá mi fún un ní àga. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo jáde síta, torí mi ò lè dúró. Mo ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lórí márosẹ̀, mo ń kà wọ́n. Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Wá. Wá dá a padà sẹ́yìn fún mi."

Mo dá a padà síbi tí Màmá ti jáde lẹ́yìn àpò. Ó wò ó. Ó ní kí n tún dá a padà. Nígbà tó wò ó tán nígbà kẹta, omijé ti ba àtíkè ojú rẹ̀ jẹ́, kò sì nù ún.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń pè é ní Máàmi," ló wí. "Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó ti jẹ́ ọmọge. Mo rò pé bó ṣe rí nìyẹn láti ọ̀run wá, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. "Wò ó bó ṣe di ìró mú! Bàbá mi máa ń fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀. Bàbá mi ìbá fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn."

Obìnrin náà ló di agbátẹrù wa. Òun ni aṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹ̀ka wọn kan ní Màgbòrò sì ní iléèwé tó ní gbọ̀ngán ńlá. Ó lọ bá pásítọ̀ wọn, kò kúrò níwájú rẹ̀ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lọ́sàn-án, a fi nálọ́ọ̀nù dúdú bo gbogbo fèrèsé, a ta aṣọ funfun kan mọ́ ara ògiri, a ya ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn èèyàn kún gbọ̀ngán náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé fíìmù ìwàásù ni.

Màmá jókòó síwájú nínú léèsì àwọ̀ omi òkun, ọmọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, èmi lápá òsì.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kọjá. Bàbá kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?" Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí jágbe mọ́ ọn nínú òkùnkùn náà: "Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká wo ìyá!"

Láti ìgbà náà, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ariwo jẹnẹrétọ̀ níta. Àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá dákẹ́. Òjò rọ̀ lára ògiri, oòrùn ràn, ọkùnrin tí a kò rí ojú rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Màmá na ìka sí ara rẹ̀ lára ògiri, ó bi mí pé, "Ta ni ìyá arúgbó yẹn?" Mo ní, "Ẹ máa wò ó, mà."

Nígbà tí ìyá inú fíìmù jáde lẹ́yìn àpò, gbogbo gbọ̀ngán mí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan kígbe pé, "Lọ bá a!" Ẹlòmíràn ní, "Sọ fún un, ìyá! Sọ fún un!" Wọ́n ń kígbe bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó wá fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, tó sọ ọ́, gbọ̀ngán náà bú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò, àwọn obìnrin ń fi gèlè nu ojú. Màmá di ọwọ́ mi mú gírígírí. Kò wo àwọn tó ń pariwo. Ó ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà tó tẹ orí ba.

"Ó gbọ́," ló wí fún mi. "O rí i? Ó gbọ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò wá síwájú Màmá. Mo rò pé ìyìn ni wọ́n fẹ́ yìn ín. Orúkọ ni wọ́n ń sọ fún un. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun kúnlẹ̀, ó sọ orúkọ obìnrin kan sí i létí. Ìyá kan sọ orúkọ ọkùnrin kan àti ìlú tó lọ. Màmá ń mi orí, ó ń wí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Ó ti gbọ́. Ó ti gbọ́."

Ọ̀gá mi, tó ti ń sá fún mi láti àárọ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé fíìmù náà lè má wù wọ́n, rìn wá bá mi, ó gbá mi mọ́ra níwájú pásítọ̀.

A gbé fíìmù náà káàkiri. Mowé, Ìbàfò, Òkè-Àró, iléèwé, gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlá mọ́ṣáláṣí kan tí lèmọ́ọ̀mù ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ọkùnrin tó ń ta fíìmù ní Èkó gbọ́, ó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun á tà á, kí a sáà gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá mi ti dáhùn. "Ìṣẹ́jú àáyá kan, a ò gé." Ó lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá, ó gbà á bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Ìfọ̀. A ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri yàrá kan nítòsí ìdíkọ̀. Nígbà tí a parí, ìyá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn wá síwájú Màmá, ó dúró, ó ń wò ó. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọbìnrin, ọsàn ni òun ń tà ní ìdíkọ̀ yẹn.

"Mo rí ọ lọ́jọ́ náà," ló wí. "Ẹ̀yìn àpò obì. O di ẹrù kékeré kan mọ́yà. Mo fẹ́ pè é fún ọ, mo bẹ̀rù pé o lè bú mi. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ní òótọ́, láti ọjọ́ tí ìtàn náà ti ń yí padà, iyèméjì kan ti wà nínú mi, pé bóyá kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó rí i rèé, lórí ìdúró, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ọmọ Màmá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé kíkúnlẹ̀ ló yẹ kí òun kúnlẹ̀. Màmá kò rántí ìyá ọlọ́sàn náà rárá, ṣùgbọ́n ó fà á jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú èdè ìlú wọn, kíákíá, tí mi ò fi gbọ́ ìdajì rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọlọ́sàn ń fi ọ̀pá rẹ̀ júwe ojú irin. A ti kó ẹrù wa sínú mọ́tò tán, wọn ò tíì ṣetán.

Màmá lo ọdún mẹ́ta sí i láyé. Lópin rẹ̀, kò mọ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ balẹ̀, kò sì dárò ọ̀rọ̀ ìdíkọ̀ mọ́.

Èmi fi ṣọ́ọ̀bù Ìbàfò sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà ọ̀gá mi, mo gba yàrá kan síwájú ilé ní Mowé, mo kọ 'Fídíò' sí ara ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìgbéyàwó ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ṣí i, obìnrin kan dé, ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀yin lẹ ya màmá yẹn? Bàbá mi ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ."

Bàbá náà ń wo kámẹ́rà tìfuratìfura. Mo gbé àga fún un síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù, mo sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá," ni mo wí. "Láti ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."